Iye Ẹran Ọ̀sìn

Wọ́n ní kí n kọ iye wọn sínú àpótí kékeré kan
tí kò ju èékánná lọ.
Mo kọ "ọ̀kan".
Mo pa á rẹ́, mo kọ "méjì".
Mo tún padà sí "ọ̀kan", bírò ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi
bí ẹni pé ọlọ́pàá ló dúró tì mí.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Èmi ti sọ tèmi lórúkọ ná,
ilé ló kù tí mò ń wò.
Ọjọ́ méjìlélógójì ni onílé fún wa. Ó fẹ́ tà á.

Ní Moonah, ọmọ ejẹ́ǹtì wo bàtà mi,
ó rí irun ológbò létí rẹ̀,
ó pa fáìlì dé: "A ó pè yín."
Wọn ò pè.
Ní Glenorchy, a tó ogún tó tò sẹ́nu ọ̀nà nínú òjò
nítorí yàrá méjì tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ.
Obìnrin kan kó ọmọ mẹ́ta dání.
A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó bínú sẹ́nì kan,
ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún ẹnì kejì.

"Fi díẹ̀ nínú wọn tọrẹ," àbúrò mi wí láti Launceston,
"ẹran ṣá ni wọ́n."
Bẹ́ẹ̀ ni, Noelene. Ẹran ni wọ́n.
Ó yá, bá mi mú.

Ṣé Sájẹ́ǹtì ni, ajá tó fọdún mẹ́rin sáré ìje
fún àwọn tó ń fi í ta tẹ́tẹ́,
tí wọ́n fẹ́ pa lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán?
Oorun nìkan ni eré tó ń sá báyìí,
ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè bí àga tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.
Àbí àwọn ológbò, ìyá àti ọmọ,
ìyá fọ́jú, ọmọ ń fi ìrù júwe ọ̀nà àwo omi fún un?
Àbí ayékòótọ́ funfun tí Clive fi sílẹ̀
pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀ nínú?
Ọdún mẹ́fà tí a ti sin ọkọ mi,
ẹyẹ yìí ṣì ń húkọ́ rẹ̀ láràárọ̀,
ó ṣì ń bi mí pé, "Tíì dà, ọ̀rẹ́ mi?"
Ìwé wo ló ní àyè tí n ó kọ ìyẹn sí?

Ọjọ́ kẹtàdínlógójì, Ọ̀gbẹ́ni Quilty wá fúnra rẹ̀.
Ó nílé kan ní New Norfolk, ó sì fẹ́ rí
bí mo ṣe ń tọ́jú èyí tí mo wà.
Mo ti kó àwọn ológbò sínú mọ́tò,
mo gbé ẹyẹ sí balùwẹ̀, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó.
Ọ̀gbẹ́ni Quilty fọwọ́ ra ògiri. Ó ṣí ààrò wò.
"Ó mọ́," ó wí.
Ìgbà náà ni ikọ́ dún ní balùwẹ̀.
"Tíì dà, ọ̀rẹ́ mi?"
"Ẹ ò sọ fún mi pé ọkọ yín wà nílé."

Wọn ò kúkú sọ ẹyẹ náà ní ayékòótọ́ lásán.
Irọ́ kún ẹnu mi, ó dùn, ó rọrùn:
bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wẹ̀.
Mo ní, "Ó ti kú."
Mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó ṣí fìlà. Ó pẹ́ níwájú àgò náà.
Ẹyẹ já bọ́tìnnì kan lára ẹ̀wù rẹ̀, kò gbé e mì.
"Àwọn méjì tó wà nínú mọ́tò ńkọ́?" ó bi mí.
"Mo rí wọn nígbà tí mò ń wọlé."
Ó ní òun ó pè ní Ọjọ́bọ̀.

Òní l'Ọjọ́bọ̀. Yìnyín ti bo orí òkè.
Mo ti gba ìwé tuntun, mo kọ "mẹ́rin", mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an.
Ayékòótọ́ ti mọ bí fóònù ṣe ń dún.
Ó ti dún lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí,
lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo sáré gbé e.